Ta Ló Sọ Pé Àbàtà Kò Bá Odò Tan?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni gbólóhùn kan ti há sí mi létí tí kò sì jáde. Ẹnjiníà kan ló sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú kékeré tí à ń gbé ní ìpínlẹ̀ North Carolina, nígbà tí ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n gbé sára ògiri. Ó ní ilẹ̀ àbàtà tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa kò so mọ́ odò kankan, nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ rà á má kó yẹ̀pẹ̀ dí i, kí wọ́n sì kọ́ ilé lé e lórí. Ọkùnrin náà kò pariwo, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà rí ẹnikẹ́ni fín. Bí a bá wo òfin bó ṣe rí lónìí, irọ́ kọ́ ló pa. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye owó ọjà, ó sì ṣí àwòrán tó kàn.

Orí àga ike kan ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo jókòó sí. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn ìyá bàbá mi ni mo gbọ́: Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Màmá ní àbúrò kan tí kì í wá síbi ìpàdé ẹbí, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀ àfi bí owó bá délẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, òwe yìí ni Màmá máa ń pa, àwọn àgbà ilé á sì mi orí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi mọ òwe náà gẹ́gẹ́ bí òwe ẹbí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé Màmá, tó ní akùrọ̀ lẹ́bàá odò Ọ̀nà ní Ìbàdàn, tó ń gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí oko àwọn ẹlòmíràn ti gbẹ, mọ ohun tí òwe náà ń sọ nípa omi gan-an.

Omi tó dúdú bí àgbo

Kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ náà tó éékà mọ́kànlá. Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹrin, inú omi ni àwọn igi rẹ̀ máa ń dúró, omi náà á sì dúdú bí àgbo tí wọ́n sè mọ́jú, nítorí ewé tó ti ń rà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí igi ti wọ́wé. Bí èèyàn bá bu ú sínú ife, yóò rí i pé kò dọ̀tí. Àwọ̀ ewé ló gbà. Bó bá di oṣù kejì, àwọn kọ̀ǹkọ̀ kéékèèké tí wọn kò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lálẹ́, ariwo wọn á sì wọ yàrá bá wa bí a tilẹ̀ ti fèrèsé. Lékeléke máa ń bà síbẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹjọ, omi á ti fà lọ, ẹrẹ̀ á gbẹ, á sì sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ nínú oṣù kẹjọ lè búra pé ilẹ̀ gbígbẹ lásán ni.

Kò sí odò kan tí ojú rí tó ń jáde láti inú rẹ̀. Ní ìhà gúúsù rẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ gbé sókè díẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ ń wa katakata gbà láyé ọjọ́un. Lẹ́yìn ọ̀nà náà ni ilẹ̀ bàbá aládùúgbò wa kan, tí ìbú rẹ̀ tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀; lẹ́yìn ìyẹn ni odò tóóró kan tí mo lè fò kọjá. Odò tóóró yìí ń lọ pàdé èyí tó jù ú lọ, ìyẹn náà ń lọ sínú odò Neuse, Neuse sì ń gba Goldsboro, Kinston àti New Bern kọjá lọ sí Pamlico Sound, níbi tí omi dídùn ti ń pàdé omi iyọ̀. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀ àti òkìtì ọ̀nà kan péré ni ẹnjiníà náà fi gé àbàtà wa kúrò lára gbogbo ẹbí yìí.

Òfin tó ń wo ojú ilẹ̀ nìkan

Ó yẹ kí n sọ bí òfin ṣe dé ibi tó dé, nítorí ọ̀pọ̀ àwa tí a wá láti ilé ń rò pé ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ omi mímọ́ ti yanjú tipẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969, odò Cuyahoga gbiná ní Cleveland, nítorí epo àti pàǹtírí ilé-iṣẹ́ tó bo ojú omi. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí iná jó lórí odò náà, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni ojú ti orílẹ̀-èdè. Ní 1972, ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí òfin omi mímọ́, tí wọ́n ń pè ní Clean Water Act. Ààrẹ Nixon kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ó ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù; àwọn aṣòfin borí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin láìka ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ sí. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ẹ̀gbin tàbí yẹ̀pẹ̀ sínú "omi Amẹ́ríkà" láìgba ìwé àṣẹ. Ohun tí kò sọ ní kedere ni ibi tí omi Amẹ́ríkà parí sí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nílé ẹjọ́: ààrẹ kan á mú ààlà náà fẹ̀ sí i, ẹni tó bá tẹ̀lé e á tún fún un.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Sackett. Tọkọtaya kan ra ilẹ̀ ní 2004 nítòsí adágún Priest Lake ní ìpínlẹ̀ Idaho. Nígbà tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ dà á láti kọ́lé, àjọ EPA tó ń dáàbò bo àyíká ní kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà sí bó ṣe wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn tó ju 40,000 dọ́là lọ lójúmọ́ lè já lé wọn lórí. Èmi náà ni ilé lórúkọ ara mi, mo sì mọ iye ọdún tí mo fi tu owó rẹ̀ jọ. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wọlé tọ̀ mí wá, oorun kò ní kun ojú mi. Gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló gbà pé tọkọtaya náà jàre.

Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ìdí tí wọ́n fi jàre, ìdí náà ló sì kan àbàtà ẹ̀yìnkùlé wa. Adájọ́ Samuel Alito, tí àwọn mẹ́rin tẹ̀lé, kọ ọ́ pé kí òfin tó lè dáàbò bo àbàtà, ó gbọ́dọ̀ so mọ́ odò tàbí adágún tó ń wà níbẹ̀ títí, kí ìsopọ̀ náà sì wà lójú ilẹ̀ láìdánu dúró, débi pé yóò ṣòro láti mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí àbàtà ti bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ Brett Kavanaugh, tí kò sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀tá àwọn onílẹ̀, kò fara mọ́ ọn, àwọn mẹ́ta sì dúró tì í. Ó ní àbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ni òfin ń sọ, kì í ṣe èyí tó fara kan odò nìkan. Ilé mi àti ilé rẹ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ọgbà sì wà láàárín wọn. Ó tọ́ka sí odò Mississippi, tí wọ́n ti mọ odi sí etí rẹ̀ nítorí ẹ̀kún omi, ó ní àbàtà tó wà lẹ́yìn odi náà kò tìtorí odi ṣíwọ́ láti máa ṣiṣẹ́ fún odò. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òkìtì ọ̀nà àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo ń rí.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe òfin tirẹ̀ tó le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Colorado ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024, ó gbé òfin kalẹ̀ láti dáàbò bo àwọn odò àti àbàtà tí ẹjọ́ náà já sílẹ̀. North Carolina ṣe òdìkejì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ẹjọ́ náà kò tíì pé oṣù kan ààbọ̀, àwọn aṣòfin wa sọ pé àbàtà tí òfin àpapọ̀ kò bá kà sí omi, ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ kà á sí. Gómìnà Roy Cooper ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní yóò tú ààbò kúrò lórí nǹkan bí éékà mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, ìyẹn bí ìdajì gbogbo àbàtà tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n dìbò borí rẹ̀. Báyìí ni ilẹ̀kùn méjèèjì ṣe tì mọ́ àbàtà wa lójú, ti òkè àti ti ilé.

Kò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ìpàdé tí mo sọ nípa rẹ̀ ni àjọ EPA àti Army Corps of Engineers, ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà ológun ilẹ̀ yìí, tún gbé àbá tuntun jáde, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 kan náà, láti tún fún ààlà náà pọ̀ sí i. Nínú àbá yẹn, odò gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí ọdún po tàbí ó kéré tán ní gbogbo ìgbà òjò, kí omi àbàtà tó fara kàn án náà sì hàn lójú ilẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Odò tó ń ṣàn lẹ́yìn òjò nìkan kò sí nínú ẹbí mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn odò kéékèèké wọ̀nyẹn, tí àgbàrá wọn ń wá tí ó sì ń lọ, ni orísun àwọn ńlá. Ìṣirò tí àjọ EPA fúnra rẹ̀ ti ṣe nígbà kan fi hàn pé èèyàn tó tó mílíọ̀nù 117 ní Amẹ́ríkà ló ń mu omi ẹ̀rọ tí apá kan rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ irú odò bẹ́ẹ̀ wá.

Ihò tí Bàbá gbẹ́

Gbogbo èyí ni mo ti ń kà, tí mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, nígbà tí bàbá aládùúgbò wa dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní òpin oṣù kọkànlá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbin tábà sórí ilẹ̀ kan náà. "Bàbá" ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí a ti kó débẹ̀. Ó ti bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ àwọn tó gbé àwòrán wá yẹn ṣì ń dùn ọ́? Mú ọmọ rẹ wá ní Sátidé. Kí ẹ wọ bàtà òjò."

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá ni. Òjò ti dá láti bí ọjọ́ márùn-ún, òtútù sì mú. Bàbá dúró ní àárín ilẹ̀ rẹ̀, ní agbede méjì ọ̀nà àtijọ́ àti odò, ó sì gbé irin olọ́wọ́ méjì tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò òpó dání. Ó gbẹ́ díẹ̀, ó gbé e fún mi. Ilẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ jáde, gbogbo rẹ̀ kún fún gbòǹgbò koríko. Lẹ́yìn náà ni yanrìn pupa rúsúrúsú. Lẹ́yìn náà ni yanrìn tó funfun bí eérú, tó tutù lọ́wọ́. Nígbà tí ihò náà jìn tó orúnkún mi, Bàbá ní kí n dúró. Ó ní kí ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀, kó tan iná fóònù sínú rẹ̀, kó sì sọ ohun tó bá rí.

Ọmọ náà ní, "Ó ń làágùn."

Òótọ́ ló sọ. Ara ihò náà ń làágùn. Ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àbàtà, omi ń yọ láàárín yanrìn ní kíún-kíún, ó ń kóra jọ, ó sì ń ṣàn wálẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí odò ṣì gbẹ díẹ̀ ní tirẹ̀. A dúró, a ń wò ó. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi fi bo ìsàlẹ̀ ihò náà, nígbà tó sì fi máa tó wákàtí kan, ó ti ga tó ìbú ọwọ́, ó sì dúró síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ bù ú. Àwọ̀ àgbo yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán lára rẹ̀. Yanrìn ti sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì.

Bàbá kò tíì ṣe tán. Ó ti kan igi mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀: ọ̀kan ní etí àbàtà, ọ̀kan lẹ́bàá ihò, ọ̀kan ní etí odò, àti àwọn díẹ̀ láàárín wọn. Ó fa okùn láti igi dé igi gba orí òkìtì ọ̀nà, ó ń fi lẹ́fẹ́lì àwọn bíríkìlà wò ó kí ó lè tẹ́jú dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ mi máa wọn ìwọ̀n láti ara okùn dé ojú omi. Ní àbàtà, ínǹṣì 38. Nínú ihò, ínǹṣì 49. Ní odò, ínǹṣì 63. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un pé omi tó wà lókè ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀.

Bàbá ní, "Kò dúró. Ó ń rìn. Kò kàn rìn níbi tí ojú rẹ ti lè rí i ni."

Mo yíjú sí ọmọ mi, mo pa òwe náà fún un ní Yorùbá, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá bí mo ti lè ṣe é. Ó gbọ́ ọ, ó dákẹ́. Ó ní kí n tún sọ ọ́ ní èdè wa lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí mo ṣe ń tún un sọ ni mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ nínú rẹ̀ rí. "Bí ẹni tí." Ibẹ̀ ni òwe náà fi gbogbo ara tì. Kò sọ pé àbàtà kò bá odò tan. Ó sọ pé ó ń ṣe bí ẹni tí kò bá a tan. Àwọn baba wa wo àbàtà tó jókòó sọ́tọ̀, tí kò ní ẹnu ọ̀nà kankan tó hàn sí odò, wọ́n sì mọ̀ pé ìjókòó lásán ni, pé ìdílé kan náà ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ ọ́n dájú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe ìwọ̀n fún èèyàn: bí o bá fẹ́ mọ bí ẹni tó sá fún ẹbí rẹ̀ ṣe rí, lọ wo àbàtà. Ohun tí ilé ẹjọ́ ṣe ní 2023 ni pé ó mú ìtakété náà, ó sì fi ṣe ẹ̀rí pé kò sí ìbátan.

N kò sọ pé kí a máa fi òwe dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n òwe yìí jẹ́ àkíyèsí àwọn tó ń gbin akùrọ̀, tí wọ́n ń rí ilẹ̀ tó ń tutù láti abẹ́ nígbà tí kò sí òjò, tí wọ́n sì ní láti mọ ibi tí omi náà ti ń wá kí wọ́n tó lè jẹun. Ihò tí Bàbá gbẹ́ wulẹ̀ fi hàn mí pé àkíyèsí wọn tọ̀nà lórí ilẹ̀ yìí náà.

Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́, Bàbá na ọwọ́ sí ìhà ibi tí òrùlé àdúgbò wa ti yọ lẹ́yìn igi. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àbàtà náà dé ibẹ̀ yẹn. Mo ti ń gbé inú ilé náà fún ọdún mẹ́fà. Mo ti ń bi ara mi léèrè ìdí tí ògiri gáréèjì wa fi ń tutù ní gbogbo ìgbà òtútù.

Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn, mo sọ ohun tí a rí fún un. Màámi kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òyìnbó náà tún fẹ́ ṣe ti Ògùnpa níbẹ̀?" Ọmọ Ìbàdàn tó bá ti dàgbà kò nílò àlàyé. Òpin oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún, tó sì gbé èèyàn àti ilé lọ, ọdún yẹn ni wọ́n sì ń pè ní Omíyalé títí di òní. Ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi àti pàǹtírí tí wọ́n kó dí i wà lára ohun tó fà á. Màámi ní ẹni tó kọ́lé sí ibi tí omi ń sùn, omi yóò wá ibòmíràn sùn, ibi tí yóò sì lọ, ẹlòmíràn ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yìí ni kò wáyé rárá níbi ìpàdé wa. Àwọn tó dìde sọ̀rọ̀ ni onílẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á, àti àwa tí a ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ará Kinston níbẹ̀. Wọn kò pè wọ́n, nítorí ìlú wọn jìnnà, òfin kò sì kà wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀, omi ti wọ Kinston nígbà ìjì Floyd ní 1999, nígbà Matthew ní 2016, àti nígbà Florence ní 2018, tí òjò tó ju ínǹṣì 35 lọ rọ̀ ní Elizabethtown ní ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Lórí odò Tar, tó wà ní àríwá Neuse, ni Princeville wà, ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ tí òfin sì fi ọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà, ní 1885. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú ló tẹ̀ ẹ́ dó, lórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ. Floyd bò ó mọ́lẹ̀. Matthew tún wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kí olúkúlùkù máa ṣe ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú, irú àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rí, nítorí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá dà sí òkè ló ń sọ bí omi yóò ṣe ga tó ní yàrá wọn.

A máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu. Irú ilẹ̀ tó ń mu ún jù ni èyí tí wọ́n ń fẹ́ dí yìí. Éékà kan àbàtà lè gba omi tó tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù sára nígbà òjò ńlá, kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí kò hàn. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ẹja kú lọ rẹpẹtẹ nínú odò Neuse, nítorí náítírójìn tó ń ti inú ajílẹ̀, ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti omi ẹ̀gbin ìlú wọ inú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa ṣe òfin pé kí wọ́n dín náítírójìn náà kù ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìlú sì ná owó gidi lórí ẹ̀rọ tí ń fọ omi ẹ̀gbin. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú ẹrẹ̀ àbàtà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, wọ́n ń sọ náítírójìn di afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tó ń san owó oṣù fún wọn. Ìjọba kan náà tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ra ẹ̀rọ ló ń fi ọwọ́ òsì jẹ́ kí wọ́n dí àbàtà. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ òfin tuntun náà ń sọ, mo sì ti sọ pé ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àgbẹ̀ kan tó ń gbé nítòsí wa sọ níbi ìpàdé pé òun ti dúró fún ìwé àṣẹ kan títí ọ̀sán fi di òru fún òun, pé ọ̀gá kan sọ báyìí, èkejì sọ báyìí. Ó yẹ kí wọ́n dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn kíákíá, kí wọ́n ya àwòrán tó ṣe kedere fún un kó tó ra ilẹ̀, kí ìtanràn má sì máa ṣáájú àlàyé. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ àwọn olùṣọ́ bá falẹ̀, iṣẹ́ náà ni à ń tún ṣe, a kì í tìtorí rẹ̀ wó ògiri. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òfin 1972 ni ọ̀nà tí gbogbo onílé, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, fi jọ sọ pé àwọn kò gbà. Bí wọ́n bá sì ń tú u díẹ̀díẹ̀, kò ní jẹ́ ọjọ́ kan ni a ó rí i. Láàárín 2009 sí 2019, orílẹ̀-èdè yìí pàdánù éékà 221,000 àbàtà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ohun tó jèrè kúrò nínú ohun tó sọnù, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2024 ti sọ, ìyára rẹ̀ sì fi ìdajì pọ̀ ju ti àwọn ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ kí ẹjọ́ Sackett tó wáyé.

Ìwé tí à ń kọ

Bàbá kò dí ihò náà. Ó fi páìpù ike kan bọ inú rẹ̀ kí yanrìn má baà wó, ó sì fi pákó bò ó. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni èmi àti ọmọ mi ń lọ wọn ìwọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé kan tí wọ́n fún ọmọ náà nílé ìwé ni à ń lò. Ìlà mẹ́ta ló fà síbẹ̀, ó sì kọ orúkọ sókè wọn fúnra rẹ̀: àbàtà, ihò, odò. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí àbàtà, mo sì sọ fún un.

Ohun tí ìwé náà sọ títí di ìsinsìnyí kò ṣòro láti kà. Kò sí Sátidé kan tí omi ihò kò sí láàárín ti àbàtà àti ti odò. Ní oṣù kìíní, a rí ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí òjò kò rọ̀ rárá. Odò kò gbẹ. Àbàtà ló ń fà wálẹ̀ ní ínǹṣì kan, ínǹṣì kan ààbọ̀ lọ́sẹ̀, ihò náà ń tẹ̀lé e, odò sì ń ṣàn lọ. Ọmọ mi kọ ọ́ sí etí ìwé pé, "Òun ló ń fún un lóúnjẹ." N kò sọ fún un pé kó kọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ èrò mi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ aráàlú lórí àbá ti EPA. Mo kọ òwe náà síbẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì fi àwòrán ìwé ọmọ mi tì í. Ìgbìmọ̀ ìlú wa ni yóò kọ́kọ́ dìbò, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àbàtà wa, ní oṣù tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá ní òun kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèje tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà pé kí wọ́n wá wo ihò òun. Mẹ́ta ti dáhùn pé àwọn ń bọ̀ ní Sátidé yìí ní aago mẹ́sàn-án. Lánàá ni a tẹ́ pákó láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti rọ̀, bàtà ọ́fíìsì kò sì ní lè rìn ín.